Eyín Ta Ló Wà Lẹ́nu Ta?

Yàrá Ẹ̀yìn, Ilé Iṣẹ́ Eyín,
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Ìfọṣọ,
Òpópónà Kejì.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Alárìíwísí,

Ẹ kú ilé o, gbogbo yín pátá. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì máa ń sá lọ sí yàrá àwọn ọmọ tó o bá ti ń hanrun? Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Àbíkẹ́yìn tó ń jẹ pẹ́ńsù, ṣé ó ti jáwọ́ níbẹ̀ àbí ó ti kọjá sórí rúlà? Ara tèmi náà le, a dúpẹ́. Ìyá mi wà, wọ́n ní kí n kí ọ dáadáa. Mo fi Bàbá rẹ sí ìkẹyìn ìkíni mi, kì í ṣe pé mo gbàgbé wọn o. Ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni lẹ́tà yìí ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ gùn díẹ̀. Wọn kò ṣẹ̀ mí, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Jókòó dáadáa kó o kà á.

Ǹ bá ti pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Orí tábìlì lo máa ń gbé fóònù sí, tí ohùn ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ á máa ké káàkiri ilé, ọ̀rọ̀ yìí kò sì gbọdọ̀ dé etí Bàbá kó o tó mọ bó o ṣe máa gbé e kalẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, tí ẹ̀rín bá ti mú ọ, o kì í gbọ́ ohun tó kù mọ́, mo sì fẹ́ kó o gbọ́ gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tí obìnrin kan fi ń jẹun ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, ìwọ nìkan lo sì lè bá wa dá a dúró.

O mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. O ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀ tó. Kì í ṣe èmi ni mò ń ṣe eyín o. Ìṣirò ni tèmi. Ẹ̀rọ kan máa ń ya inú ẹnu àwọn oníbàárà, á sọ bí èrìgì ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe ga tó, ibi tó ti tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di nọ́ńbà, nọ́ńbà náà á wá bá mi. Èmi á tò ó sínú àtẹ lórí kọ̀ǹpútà, màá so ìwọ̀n ẹnu kọ̀ọ̀kan mọ́ orúkọ ẹni tó ni ẹnu, màá sì tì í sí yàrá kejì. Ní yàrá kejì yẹn ni Ìyá Eléyín wà.

Obìnrin yìí ti ń fi ìda àti iná kékeré ṣe eyín kí ọ̀gá wa tó mọ̀ pé iṣẹ́ kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tábìlì rẹ̀ rí bí ibi tí ìjì ti jà: ọ̀bẹ tín-ín-rín níhìn-ín, búrọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún, ife tíì tí kò mu tán láàárín eyín èèyàn mẹ́ta. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá ṣe eyín kan tán, á gbé e sókè sí ojú fèrèsé, á yí i wò, á wá sọ fún un pé kó máa lọ jẹun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Láàárọ̀, òun nìkan ló máa ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa, tó sì máa ń dúró gbọ́ èsì.

Ọ̀gá wa ńkọ́? Tò-ó-Dáa là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló máa ń to bàtà àwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà, tó máa ń yí ife orí pẹpẹ kí gbogbo ọwọ́ wọn lè kọjú sí ibì kan náà. Ọkùnrin náà lè rí ẹ̀jẹ̀ kó má mira, ṣùgbọ́n tó bá rí ìlà tó wọ́, kò ní lè jẹun. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn torí òun ló ń san owó oṣù mi, ó sì tún jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ìmọ́tótó rẹ̀ ti fẹ́ di àìsàn.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Alápatà kan ló kọ́kọ́ dé, ó ní eyín tí a fún òun wúlò fún ìkíni nìkan, kò wúlò fún ẹran. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì wá, obìnrin abíjàwàrà kan, ó ní tí òun bá fẹ́ bá ọmọ-ọmọ òun wí, eyín òkè máa ń sọ̀kalẹ̀ wá gbọ́ ohun tí òun ń sọ. Télọ̀ kan tẹ̀ lé e. Kí a tó mọ̀, ìjókòó iwájú ti kún fún àwọn tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Tí wọ́n bá ti dé, Ọ̀gá á ní ká lọ eyín náà, ká fi díẹ̀ kún un, ká tún lọ̀ ọ́. Eyín alápatà, a lọ̀ ọ́ títí ó fi fẹ́ dà bíi ti ọmọ ọwọ́. Kò sì sí èyí tó bá ẹnu mu títí di òní.

Ọ̀gá wá jókòó, ó ronú, ó dájọ́. Ó ní ojú Ìyá Eléyín ti ń ṣe bàìbàì, pé ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé obìnrin náà gbà á gbọ́. Ó lọ ra awò ojú tuntun, ó nípọn bí ìdí ìgò. Mo máa ń rí i tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì tó ń wò wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan mo wọlé bá a, ó mú eyín tí wọ́n dá padà dání, kò gbójú sókè. Ó ní, “Mo rò pé mo ṣì mọ̀ ọ́n ṣe.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi tí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo padà sí yàrá mi.

Èmi gan-an tún wá da epo sí iná náà. Ọ̀gá bi mí bóyá ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ tèmi. Mo ní rárá o, ká má rí i. Mo ní ìyá mi gan-an wà lára àwọn tí a ṣe eyín fún ní àkókò kan náà, wọn kò sì ráhùn rí. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín láti àárọ̀ dalẹ́. Òótọ́ sì ni. Láti ọjọ́ tí eyín náà ti dé ẹnu wọn ni ẹ̀rín kò ti kúrò níbẹ̀ mọ́. Onílé wa tí wọ́n ti ń bá ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ní inú òun dùn pé Màmá ti dárí ji òun. Ọ̀gá gbọ́, ó mi orí, ó ní ìṣirò dára nìyẹn, ọwọ́ tó ń ṣe é ni kò dára. Lọ́jọ́rú tó kọjá ló pe Ìyá Eléyín, ó ní kó parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó wá máa sinmi. Sinmi ni ọ̀rọ̀ tó lò, bí ẹni pé ẹ̀bùn ló fún un.

Inú bí mi. Kì í ṣe pé mo gbọ́n o, mo kàn fẹ́ fi ọwọ́ ṣe nǹkan kí n má bàa sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi lé èmi náà. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ní màá yẹ gbogbo ohun tí mo ti ṣe wò láti ìpìlẹ̀. Farabalẹ̀ kí n ṣàlàyé, má fo ibí yìí bó o ṣe máa ń fo ìwé òfin.

Àpò irinṣẹ́ kan wà tí àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò máa ń lò, pandas ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà jọ ti ẹranko sísanra kan tó máa ń jókòó jẹ ewé látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n èyí kì í sinmi. Tó o bá gbé àtẹ sínú rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan á ní àmì kan létí òsì. Gbogbo àwọn àmì yẹn lápapọ̀ là ń pè ní atọ́ka. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ó. Ohun tó wà láàárín àtẹ ni wọ́n máa ń wò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni olórí ilé. Tó o bá ní kí pandas so àtẹ méjì pọ̀, kò ní wo ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Àmì ló máa wò. Ẹni tó bá ní àmì keje níhìn-ín, ẹni tó bá ní àmì keje lọ́hùn-ún ló máa wá lọ, ibi yòówù tó bá fara pamọ́ sí, á mú wọn, á so wọ́n pọ̀, kò sì ní bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú.

Ní ilé iṣẹ́ wa, obìnrin tó ń gbàlejò níwájú ló máa ń fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà bí wọ́n bá ṣe ń forúkọ sílẹ̀, láti òdo lọ sókè. Nọ́ńbà yẹn ni àmì. Ó yẹ kó tẹ̀ lé olúwarẹ̀ lọ síbi gbogbo.

Mo kọ́kọ́ pe atọ́ka àtẹ ìwọ̀n ẹnu, mo ní kó wá sọ irú ẹni tó jẹ́. Ó ní Nọ́ńbà Oníbàárà lorúkọ òun, pé kò sí ẹyọ kan tó wá lẹ́ẹ̀mejì nínú òun. Mo ní kó tú inú rẹ̀ jáde. Ó tú u, gbogbo rẹ̀ rí gbágungbàgun: mọ́kànlá, mẹ́rin, ogún, òdo, bí èèyàn ṣe ń sá wọlé nígbà òjò. Ìyẹn dára, torí bí wọ́n ṣe wá ya ẹnu ni, kì í ṣe bí wọ́n ṣe forúkọ sílẹ̀. Mo wá pe atọ́ka àtẹ orúkọ. Mo bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Kò ní orúkọ. Mo ní irú wo wá ni. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ láti òdo, òun sì ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan gòkè títí dópin. Ṣé ó ní àtúnwí? Kò ní. Ṣé ó ń gòkè láìpadà sẹ́yìn? Ó ń gòkè láìpadà sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ló pé, ibẹ̀ gan-an lara ti fu mí. Ọmọ tó jẹun tán tí ọbẹ̀ kankan kò kan ètè rẹ̀, aṣọ àga ni kó o lọ wò.

Ìdí ni pé wọ́n ti to àtẹ orúkọ yẹn ní a, b, d, láti orúkọ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Tí orúkọ bá yí ipò padà, ó yẹ kí nọ́ńbà bá a lọ, kí gbogbo rẹ̀ dà rú bíi ti ẹnìkejì rẹ̀. Báwo ni àwọn èèyàn ṣe máa dìde kúrò lórí ìjókòó wọn tí nọ́ńbà á sì jókòó síbẹ̀ gbọnyin, láti òdo dé òpin? Àfi tí ẹnì kan bá ti gba nọ́ńbà lọ́wọ́ wọn, tó dà á nù, tó sì tún wọn kà. Atọ́ka kì í sì gba kí èèyàn yọ́ wọlé wá yí ẹyọ kan padà nínú rẹ̀. Tó o bá dán an wò, á kọ̀ fún ọ lójú kojú. Odindi rẹ̀ lo máa gbé sọnù, kó o tó gbé òmíràn sí i. Ẹni tó ṣe é kò ṣèèṣì. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó sì gbádùn rẹ̀. Mo ti mọ ẹni náà.

O lè bi mí pé kí ló dé tí kọ̀ǹpútà kò fi pariwo. Mo bi í bóyá atọ́ka méjèèjì dọ́gba, ó ní rárá. Mo ní tí a bá to méjèèjì láti kékeré dé ńlá ńkọ́, ó ní nígbà náà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣé ó yé ọ? Tí àmì kan bá ṣẹ́ kù tí kò rí ẹnìkejì, àyè rẹ̀ á ṣófo, ǹ bá sì ti rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ rí ìyàwó, gbogbo ìyàwó rí ọkọ, ìgbéyàwó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìyàwó oníyàwó ló mú lọ sílé.

Mo tọ Ọ̀gá lọ, mo bi í bóyá ó fọwọ́ kan àtẹ orúkọ. Inú rẹ̀ dùn pé mo ṣàkíyèsí. Ó ní òun tò ó kó lè yá láti wá orúkọ, òun wá rí i tí nọ́ńbà etí òsì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bíi tata, òun sì tún un kà kó lè mọ́ lójú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa retí kí n dúpẹ́. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún ọ yìí. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń to bírò orí tábìlì rẹ̀ ní ìbú, tó tún ń tò ó ní òró. Nígbà tí mo parí, ó fi bírò náà sílẹ̀.

Ó ní, “Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé eyín bá ẹnu mu. Kọ̀ǹpútà náà lo tún gbé wá pé kò bá a mu. Èwo ni kí n gbà? Má fi nọ́ńbà hàn mí mọ́. Eyín ni kó o fi hàn mí.”

Ó ní tí mo bá lè mú eyín tó wà lẹ́nu ẹnì kan, kí n fi sẹ́nu ẹni tí mo sọ pé ó ni ín, kó sì jókòó síbẹ̀ láìlọ̀ ọ́, òun á gbà, òun á sì lọ bẹ Ìyá Eléyín fúnra òun. Ìbínú ni mo fi jáde, ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú. Ǹ bá ní ká tún ẹnu àwọn èèyàn yà, àmọ́ ẹ̀rọ náà, àyálò ni, àwọn tó ni ín ti gbé e lọ.

Fáìlì àkọ́kọ́ tí obìnrin iwájú fi ránṣẹ́, tí Ọ̀gá kò tíì fọwọ́ kàn, ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo gbé atọ́ka tòótọ́ padà sáyè rẹ̀, mo tún so àtẹ méjèèjì pọ̀, mo wá rí eyín ta ló wà lẹ́nu ta. Ti alápatà wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé, ti ọ̀gá ilé ìwé wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Gbogbo ẹni tó ráhùn la ti lọ eyín rẹ̀ bà jẹ́. Kò bá ẹni tó wà lẹ́nu rẹ̀ mu, kò sì ní bá ẹni tó ni ín mu mọ́. Àwọn tó dákẹ́ nìkan ni eyín wọn ṣì wà bí Ìyá Eléyín ṣe ṣe é. Mo wo orúkọ àwọn tó dákẹ́. Ẹni méjì péré ni. Ọ̀kan ni ìyá mi.

Mo délé lọ́jọ́ náà, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ eyín yẹn kí n rí i.” Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe òjò ló ń ṣú yẹn. Mo jókòó tì wọ́n, mi ò dìde. Nígbà tó yá, wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n yọ ọ́, bí wọ́n ṣe yọ ọ́ ni ẹ̀rín náà bá a jáde. Èrìgì wọn pupa yòò, ẹ̀gbẹ́ kan ti bó. Eyín náà tóbi jù fún wọn débi pé ètè wọn kò lè pa dé. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀rín nìyẹn.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ. Wọ́n ní, “Iṣẹ́ rẹ ni. Ta ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́?” Mo wá rántí pé wọ́n ti ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì fún ìgbà díẹ̀, tí èmi sì rò pé bó ṣe wù wọ́n ni. Ọ̀rẹ́ mi, mo sunkún. Wọ́n ń pa mí lẹ́kún bí ẹni pé ẹnu tèmi ló bó.

Nígbà tí mo dákẹ́, mo sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Eléyín fún wọn, àti bí mo ṣe fi ẹ̀rín wọn jẹ́rìí. Wọ́n mú ọwọ́ kúrò lára aṣọ. Wọ́n ní, “Ìyẹn ni pé mo fi ẹ̀rín lé obìnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́?” Wọ́n ní kí n mú wọn lọ bá a bí ilẹ̀ bá mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ìyá mi kò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá, yàrá kejì ni wọ́n wọ̀ tààrà. Wọ́n gbé eyín náà sórí tábìlì, wọ́n la ẹnu, wọ́n sì bẹ Ìyá Eléyín pé kó má bínú, pé àwọn kò mọ̀ pé dídákẹ́ àwọn lè pa ẹlòmíràn lára. Ìyá Eléyín wo èrìgì, ó wo eyín, ó tún wo èrìgì. Ó bọ́ awò ojú tó nípọn yẹn, ó fi í sápò. Ó di ọwọ́ ìyá mi mú. Mo lọ pe Ọ̀gá wá. Òun náà wò ó, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀, mo rí i pé ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ó ní èyí fi hàn pé eyín náà kò bá ẹnu Màmá mu; kò tíì fi hàn pé ọwọ́ tó ṣe é kò ní àbùkù. Ó ní kí n mú ẹnìkejì wá ṣáájú kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Ó tún sọ pé òun yóò dúpẹ́ tó bá jẹ́ òun lòun jẹ̀bi, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu.

Ẹnìkejì yẹn ni Bàbá rẹ.

Má tíì rẹ́rìn-ín. Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n wá wo ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ bí níbí? Èmi fúnra mi ni mo mú wọn lọ ya ẹnu. Wọ́n ti padà sọ́dọ̀ rẹ kí eyín tó jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ ló fi ránṣẹ́. Látìgbà náà, tí mo bá béèrè nípa eyín náà lọ́wọ́ wọn lórí fóònù, wọ́n á ní, “Ó dára, ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ọ,” wọ́n á sì yára gbé fóònù fún ọ. Ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn pé Bàbá ti yí padà. O ní ọkùnrin tó wa ọkọ̀ ojú irin títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó máa ń súfèé láti orígun òpópónà tí gbogbo àdúgbò á fi mọ̀ pé ó ń bọ̀, kò súfèé mọ́, kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ, pé tí ẹ bá jókòó, á pa ẹnu dé, á máa mi orí. O ní ọgbọ́n àgbà ló dé. Ìyàwó rẹ ní àdúrà ni wọ́n ń gbà sínú. Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ọgbọ́n, kì í ṣe àdúrà. Eyín ìyá mi ni wọ́n ń dì mú kó má bàa já bọ́.

Mo tún bi pandas, ó tún un sọ. Eyín Bàbá ló wà lẹ́nu ìyá mi, ti ìyá mi ló wà lẹ́nu Bàbá. Bí ọ̀kan ṣe di ọlọ́yàyà nìyẹn, tí èkejì di wòlíì. Àwọn méjèèjì sì rò pé inúure làwọn ń ṣe fún wa.

Jọ̀wọ́, mú wọn wá. Tó bá ṣeé ṣe, Ọjọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ dé, kó má di ọjọ́ Ẹtì mọ́ wa lórí. Má sọ fún wọn níwájú èèyàn. Má sì sọ pé ẹnu wọn ni ìṣòro. Sọ pé à ń pe gbogbo oníbàárà padà, òótọ́ sì ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò yín fi ohunkóhun lọ eyín náà, ì báà jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́. Kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ wé e, kí wọ́n má fi sápò ẹ̀yìn. A máa fi oògùn fọ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó fi sẹ́nu, kó o má bàa bẹ̀rẹ̀ ìríra rẹ. Ìyá mi ní kí n sọ fún Bàbá pé ti wọn wà nínú omi iyọ̀, pé àwọn kò fi jẹ ohun líle rí, torí náà kí Bàbá náà sọ ohun tó ti fi ti àwọn jẹ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Bá mi kí ọ̀rẹ́ wa alágbẹ̀dẹ náà, tẹ́ ẹ bá ti parí ìjà. Mo fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń gba òpópónà yín kọjá, ó ní yóò dé ọwọ́ rẹ lọ́la.

Mo wọ yàrá kejì lánàá kí n tó lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ kan ṣì kù, síbẹ̀ Ìyá Eléyín ti kó àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ sínú báàgì, báàgì náà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, orí tábìlì mọ́ féfé, ó sì burú lójú mi. Mo sọ fún un pé mo ti mọ ibi tí ẹnìkejì wà. Ó bi mí bóyá èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni bàbá náà. Mo ní rárá, mo sọ bí wọ́n ṣe máa ń súfèé wọ àdúgbò, àti bí wọ́n ṣe dákẹ́. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì òfìfo náà. Ó wá ní, “Mú un wá. Mo fẹ́ fetí mi gbọ́ ọ.”

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà,
Abẹ́rẹ́.